Ṣé àwọn Gíríìkì àtijọ́ gba Zeus gbọ́ lóòótọ́?

Ìbéèrè tí ọmọ iléèwé kan fi ránṣẹ́ sí mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 19 ni mí. Mo ti wo fíìmù tó pọ̀ lórí Zeus àtàwọn ẹbí ẹ̀, gbogbo ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ ò ju ìjà, àgbèrè àti ẹ̀tàn lọ. Ṣé àwọn Gíríìkì ayé ìgbà yẹn gba àwọn òrìṣà yìí gbọ́ lóòótọ́ ni àbí àlọ́ lásán ló jẹ́ fún wọn? Báwo lèèyàn ṣe máa wólẹ̀ fún òrìṣà tó ń gba ìyàwó oníyàwó? Ṣé wọ́n ní Bíbélì tiwọn ni? Àti pé ṣé kì í ṣe Ṣàngó náà ni wọ́n ń pè ní Zeus?"

Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, torí ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ yẹn ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ìdí ìtàn ni mo wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú mi tó là sí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kí n tètè dá ẹ lóhùn: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ń wá ẹ̀sìn wọn nínú ìtàn àgbèrè Zeus, wàá wá a tì. Ìdí pẹpẹ ni kó o lọ, níbi tí iná ti ń jó, tí òórùn ẹran sísun gba gbogbo àdúgbò, tí ẹnì kan dúró tó ń da wáìnì sílẹ̀ tó sì ń dárúkọ òrìṣà tó ń bá sọ̀rọ̀. Nǹkan tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe ni ẹ̀sìn wọn.

Wọn ò ní Bíbélì o. Kò sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kankan tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé lákọ̀ọ́sórí, kò sí póòpù, kò sí bíṣọ́ọ̀bù, kódà nínú èdè wọn gan-an, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí à ń pè ní ẹ̀sìn lónìí. Ọ̀dọ̀ àwọn akéwì ni ìtàn ti wá. Herodotus, ẹni tó kọ ìtàn ogun àwọn Gíríìkì àtàwọn ará Páṣíà ní bíi 430 ṣáájú Kristi, ló là á mọ́lẹ̀ pé Homer àti Hesiod ló to ìran àwọn òrìṣà fáwọn Gíríìkì, àwọn ló fún wọn ní oyè, tí wọ́n pín iṣẹ́ fún kálukú, tí wọ́n sọ bí ìrísí wọn ṣe rí, ó ní àwọn méjèèjì ò sì ju 400 ọdún lọ ṣáájú òun. Akéwì ni wọ́n, kò sẹ́ni tó sọ pé dandan ni kí gbogbo ayé gba ohun tí wọ́n kọ. Wo Aphrodite: Hesiod ní inú ìfófó òkun ló ti jáde nígbà tí Kronos, bàbá Zeus, gé nǹkan ọmọkùnrin bàbá tiẹ̀ jù sómi, Homer ní tiẹ̀ ní rárá o, ọmọ Zeus ni, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dione ló bí i fún un. (Fi Dione yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà bá a.) Ìtàn méjèèjì jọ wà nílẹ̀ ni, ẹni tó gbọ́ ọ̀kan gbọ́ èkejì, wọn ò sì torí ẹ̀ pín sí ìjọ méjì.

Ohun tó ń bí ẹ nínú yìí náà, ará Gíríìkì kan ti sọ ọ́ bíi 2,500 ọdún sẹ́yìn. Xenophanes lorúkọ ẹ̀, ará Colophon. Ó ní Homer àti Hesiod ti di gbogbo ohun tó jẹ́ ìtìjú láàárín èèyàn ru àwọn òrìṣà, olè jíjà, àgbèrè, kí wọ́n máa tan ara wọn jẹ. Ó tún ní tí màlúù àti ẹṣin bá lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi ya àwòrán, ẹṣin á ya òrìṣà bí ẹṣin, màlúù á ya tiẹ̀ bíi màlúù. Ó ní àwọn ará Etiópíà ń sọ pé òrìṣà tiwọn dúdú, imú ẹ̀ sì fẹ̀, àwọn ará Thrace ní ojú tiwọn búlúù, irun ẹ̀ pupa. Ọkùnrin yìí ń kọ ewì ẹ̀ kiri ìlú, òun fúnra ẹ̀ sì sọ nínú ewì náà pé ọjọ́ orí òun ti lé ní 90. Wọ́n gbọ́ ohun tó ń sọ, àwọn kan gbà pé òótọ́ ni, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n tún lọ rúbọ bí wọ́n ṣe ń rú u. Tó o bá lóye bí méjèèjì ṣe lè jọ wà nínú orí ẹnì kan ṣoṣo, o ti lóye ìdajì ẹ̀sìn Gíríìkì nìyẹn.

Ẹbọ wá ni. Tó o bá dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì, o ti ka díẹ̀ nípa ẹ̀ láìmọ̀. Ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 14. Pọ́ọ̀lù wo arọ kan sàn ní Lísírà, àwọn ará ìlú pariwo pé òrìṣà ti gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ wá bá àwọn, wọ́n pe Bánábà ní Zeus (Bíbélì mìíràn kọ ọ́ sí Júpítérì, bí àwọn ará Róòmù ṣe ń pè é), wọ́n pe Pọ́ọ̀lù ní Hermes torí òun ni agbọ̀rọ̀sọ. Kí ni àlùfáà Zeus wá ṣe? Kò bi wọ́n ní ẹ̀kọ́ kankan, kò ní kí wọ́n wá wàásù. Màlúù ló fà wá, pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n hun bí adé, ó fẹ́ rúbọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe tí òrìṣà bá yọjú nìyẹn, lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ìta gbangba ni pẹpẹ máa ń wà, iwájú ilé òrìṣà, torí èéfín gbọ́dọ̀ ríbi gòkè lọ bá ẹni tó ni ín. Ilé òrìṣà fúnra ẹ̀, irú Parthenon tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní Átẹ́nì ní 447 ṣáájú Kristi, ibi tí ère ń gbé ni àti ibi tí wọ́n ń kó ìṣúra sí, èrò kì í lọ jókòó sínú ẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á tò wá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì lọ́kọ á gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú, ọ̀bẹ wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà ṣùgbọ́n ọkà báálì ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n á fọwọ́, wọ́n á wọ́n omi sí ẹran lórí, kálukú á bu ọkà báálì jù, ẹni tó ń rúbọ á gé irun díẹ̀ níwájú orí ẹran sọ sínú iná, á wá gbàdúrà. Bí ọ̀bẹ bá ṣe ń wọlé báyìí, àwọn obìnrin á fi igbe bọnu, igbe kan tó ga tó sì gùn, ololyge ni wọ́n ń pè é, o lè gbọ́ igbe ọ̀hún nínú orúkọ ẹ̀ gan-an. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ kan pẹpẹ. Wọ́n á yẹ ẹ̀dọ̀ wò bóyá ó pé. Wọ́n á fi ìrù àti egungun ìdí sínú iná, ìrù yẹn á máa ká sókè bí ooru ṣe ń mú un, bó bá ti ká dáadáa, àmì rere ni, ó wà nínú àwòrán tí wọ́n yà sára ìkòkò wọn.

Èwo wá ni ti òrìṣà nínú ẹran yìí? Egungun itan ni, tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí wọ́n sun títí tó fi di èéfín, tí wọ́n da wáìnì lé e lórí. Òun nìyẹn. Ẹran gidi, èèyàn ló ń jẹ ẹ́. Àwọn náà mọ̀ pé ìpín yẹn yani lẹ́nu, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní ìtàn Prometheus, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan láàárín àwọn òrìṣà. Hesiod sọ pé ní Mekone, nígbà tí òrìṣà àti èèyàn fẹ́ pín nǹkan, Prometheus pa màlúù ńlá kan, ó di ẹran pupa àti ìfun sínú àpòlúkù tí kò wuni í wò, ó wá fi ọ̀rá funfun tó ń dán bo egungun lásán, ó ní kí Zeus mú èyí tó bá wù ú. Zeus mú ọ̀rá. Inú bí i, ó gba iná lọ́wọ́ àwọn èèyàn, Prometheus lọ jí i padà fún wọn. Wo ìtàn yìí dáadáa, àbúrò mi. Ẹni tó bá kà á bí ìwé ìwà rere á ní òrìṣà wọn gọ̀, akọ̀wé ẹ̀ sì ní Zeus mọ ẹ̀tàn náà kó tó mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúró nídìí pẹpẹ rí mọ ohun tí ìtàn náà ń ṣe: ó ń sọ ìdí tí àwa fi ń jẹ ẹran tí tiwọn fi jẹ́ èéfín. Àwa lebi máa ń pa, tí à ń kú. Ebi kì í pa wọ́n, wọn kì í kú. Ọ̀pọ̀ ìtàn wọn rí bẹ́ẹ̀, ìdí àṣà kan ló ń sọ.

Ẹ̀dọ̀, ọkàn àti kíndìnrín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi igi gún sun, àwọn tó sún mọ́ ẹbọ jù ló ń jẹ ẹ́, wọ́n á wá se èyí tó kù, wọ́n á pín in dọ́gba, àlùfáà á gba awọ tàbí itan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ẹ̀. Fún mẹ̀kúnnù tó jẹ́ pé búrẹ́dì, ólífì àti ẹ̀wà ló ń jẹ lójoojúmọ́, ọjọ́ ọdún lọjọ́ ẹran. Ní Panathenaia, ọdún Athena ní Átẹ́nì, màlúù tó ń ṣubú kì í ṣe kékeré, gbogbo ìlú ló ń jẹ nínú ẹ̀. Ìdí sì nìyẹn tí Pọ́ọ̀lù fi ní láti kọ̀wé sáwọn ará Kọ́ríńtì lórí ẹran tí wọ́n fi bọ òrìṣà, torí ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà níbẹ̀ lè jẹ́ pé ìdí pẹpẹ ló ti wá, Kristẹni tó bá kọ̀ ọ́ ń kọ àsè àdúgbò àti àsè ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Ó dáa, Zeus alágbèrè wá ńkọ́? Òun ni mo ti ń bọ̀ wá bá látòkè. Zeus inú ìtàn ni gbogbo Gíríìkì jọ mọ̀, ṣùgbọ́n nídìí pẹpẹ, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n bọ Zeus lásán. Orúkọ kan máa ń tẹ̀ lé e, bí oríkì, orúkọ yẹn ló sì ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Zeus Ktesios wà ní yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, ìṣà kan báyìí ni, òun ló ń ṣọ́ ohun ìní ilé. Zeus Herkeios wà ní àgbàlá. Zeus Xenios ló ń gbèjà àlejò. Zeus Horkios ló ni ìbúra, ère ẹ̀ tó wà ní Olympia mú àrá lọ́wọ́ méjèèjì, iwájú ẹ̀ ni àwọn eléré ìdárayá ti ń búra lórí ẹran ìmàdò pé àwọn ò ní ṣe màdàrú. Ní Átẹ́nì, tí wọ́n bá mú èèyàn láti ṣe olórí ìlú fún ọdún kan, lára ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé: ṣé o ní Apollo ìdílé àti Zeus Herkeios, ibo sì ni ojúbọ wọn wà? Wọn ò bi í pé ṣé o gbà gbọ́. Ibo ló wà ni wọ́n bi í. Ìyẹn jọ pé wọ́n ń bi í ní agboolé tó ti wá.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Xenophon ni, ará Átẹ́nì, ó bá àwọn ọmọ ogun tí wọ́n háyà lọ sí Páṣíà, ó wà lára àwọn tó kó wọn padà bọ̀. Ní 399 ṣáájú Kristi ó dé Lampsacus, ó bá aríran kan pàdé níbẹ̀ tó mọ ilé wọn, Eukleides ará Phlius. Ìyẹn ń kí i kú oríire, ó ní èló ni wúrà tó kó bọ̀. Xenophon búra pé òun ò lówó ọkọ̀ tí òun máa fi délé àfi tí òun bá ta ẹṣin òun. Eukleides ò gbà á gbọ́. Nígbà tó yá wọ́n jọ rúbọ sí Apollo, Eukleides wo inú ẹran, ó ní háà, mo gbà báyìí, o ò lówó lóòótọ́, Zeus Meilichios ló dí ọ lọ́nà, ṣé o ti rúbọ sí i bí mo ṣe máa ń bá yín rú u nílé? Xenophon ní látìgbà tí òun ti kúrò nílé òun ò rú u rí. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ti ń rúbọ sí Zeus ní gbogbo ìrìn àjò yẹn o, Zeus Basileus, Zeus Ọba, àfọ̀ṣẹ Delphi ló júwe ẹ̀ fún un. Zeus ni, àmọ́ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó kàn nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́, ó sun ẹlẹ́dẹ̀ lódindi, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé bàbá ẹ̀, kò jẹ nínú ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn méjì kan kó owó dé fáwọn ọmọ ogun, wọ́n fa ẹṣin Xenophon tó ti tà ní 50 dariki, owó wúrà àwọn ará Páṣíà, lé e lọ́wọ́, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ó fẹ́ràn ẹṣin náà.

Ọmọ ilé ìwé ni Xenophon yìí, ọ̀dọ̀ Socrates ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ó mọ gbogbo àròyé tí àwọn onímọ̀ ń ṣe lórí ìtàn àwọn akéwì. Nígbà tí owó tán, kò wá Zeus àwọn akéwì lọ. Èyí tí wọ́n ń bọ nílé wọn ló wá lọ.

Torí ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o má fi Zeus ṣe Ṣàngó. Mo mọ̀ pé àrá ló mú wọn jọra, ṣùgbọ́n ìtàn tiwa ní Ṣàngó jẹ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ kó tó di òrìṣà, Zeus ò jẹ ọba ìlú kankan láyé. Àwọn ará Kírétè kan ń sọ pé sàréè ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn, àwọn Gíríìkì yòókù sì pè wọ́n ní òpùrọ́ torí ẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹlẹ́dàá, ayé ti wà kí wọ́n tó bí i, ọwọ́ bàbá ẹ̀ ló sì ti gba ìjọba. Tó o bá pa wọ́n pọ̀, àwọn méjèèjì lo máa ṣì mọ̀. Jẹ́ kí kálukú wà nílùú ẹ̀.

O tún lè bi mí pé tí kò bá sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ṣé ẹni tó bá ṣe tinú ẹ̀ mú un jẹ ni? Rárá o. Hermes wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé Átẹ́nì, òkúta onígun mẹ́rin tí orí òrìṣà wà lókè ẹ̀ tí nǹkan ọmọkùnrin sì wà níwájú. Ní 415 ṣáájú Kristi, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn fẹ́ ṣí lọ sí Sísílì, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n bá a pé àwọn kan ti fọ́ ojú àwọn òkúta yìí káàkiri ìlú. Jìnnìjìnnì bo gbogbo ìlú. Wọ́n kéde ẹ̀bùn fẹ́ni tó bá tú àṣírí, wọ́n pa àwọn kan, àwọn mìíràn sá lọ. Ọ̀rọ̀ náà tún hú òmíràn jáde, pé àwọn ọlọ́lá kan ń fi awo Eleusis, awo Demeter tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ síta, ṣeré nínú ilé wọn lórí ọtí. Wọ́n ní kí Alcibiades, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ogun náà, padà wá jẹ́jọ́, ó sá lọ sí Sparta, wọ́n dájọ́ ikú fún un lẹ́yìn, wọ́n lu ẹrù ẹ̀ ní gbàǹjo, wọ́n gbẹ́ iye tí wọ́n tà wọ́n sára òkúta, díẹ̀ nínú òkúta náà ṣì wà di òní. Ìwọ rò ó wò, Xenophanes bú ìtàn, wọn ò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn wọ̀nyí fọwọ́ kan ojúbọ, wọ́n fi awo ṣeré, ikú ni. Ìgbà tí wọ́n pe Socrates lẹ́jọ́ ní 399 pé kì í bọ̀wọ̀ fáwọn òrìṣà tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, ìbẹ̀rù ọdún 415 yẹn ò tíì jáde lára wọn.

Kí n mú ẹ dé ibì kan tó kù, torí o sọ pé bóyá àlọ́ lásán ni. Lọ sí Dodona, ní Epirus, apá àríwá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gíríìkì, níbi tí Zeus ti ń fèsì lára igi óákù. Zeus Naios ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ibẹ̀ ni Dione yẹn, ní ibòmíràn Hera ni. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á kọ ọ́ sára òjé pẹlẹbẹ kékeré kan, á ká a. Àwọn tó walẹ̀ ibẹ̀ ti rí àkọsílẹ̀ tó lé ní 4,000 tí wọ́n ti kà lára àwọn òjé yẹn, kò sí akéwì kankan nínú wọn, èèyàn lásán làwọn tó kọ wọ́n. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Kleoutas ń bèèrè bóyá èrè á wà tí òun bá sin àgùntàn. Agis ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì àti pílò ẹ̀ tó sọ nù, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ará ìta ló jí wọn. Hermon fẹ́ mọ òrìṣà tó yẹ kí òun bẹ̀ kí Kretaia lè bí ọmọ tó máa wúlò fún òun, yàtọ̀ sáwọn tó wà nílẹ̀.

Ọkùnrin kan sì wà tó ń jẹ́ Lysanias. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Annyla lóyún, ọkàn ọkùnrin náà ò sì balẹ̀. Ó mọ gbogbo ìtàn tí ìwọ náà mọ̀, torí kò sí ọmọ Gíríìkì tí kò gbọ́ ọ, bí Zeus ṣe di ẹyẹ, tó di màlúù, tó gbé àwọ̀ ọkọ ọlọ́kọ wọ̀ wọlé tọ aya ẹ̀. Ó gbéra, ó lọ sí Dodona, ó mú òjé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Lysanias ń bi Zeus Naios àti Dione léèrè bóyá oyún tó wà nínú Annyla kì í ṣe ti òun.